Màmá ń fa ìnhélà, síbẹ̀ àyà wọn ò yé há

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apòògùn wa. Àìsàn àsímà ń da màmá mi láàmú. Wọ́n fún wọn ní ìnhélà aláwọ̀ búlúù, Ventolin. Wọn a fín in sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, síbẹ̀ àyà wọn á ṣì máa dún fíì-fíì. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ayédèrú òògùn wà lóòótọ́, nítorí náà ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí òògùn náà kò ní ṣeé lò mọ́ wò lára páálí. Àmọ́ ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé òògùn dára, bí wọ́n ṣe ń fà á ni kò dára. Tí èèyàn bá ń fín in bí ẹni fín lọ́fínńdà, ara ahọ́n àti ọ̀fun ni gbogbo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tó nílò rẹ̀ kò rí tó.

Ẹ má bi màmá pé ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n lò o. Wọ́n á ní àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fà á lójú yín.

Kí wọ́n jókòó, kí ẹ̀yìn nà. Kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀, kí wọ́n mì ín dáadáa, kí wọ́n mí síta títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú. Kí wọ́n wá fi ètè di ẹnu ìnhélà náà pinpin. Ibi tó le rèé: bí wọ́n bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa èémí sínú jẹ́jẹ́ gan-an ni kí wọ́n tẹ agolo òògùn tó wà nínú ìnhélà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa fà á lọ títí àyà á fi kún. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó fà. Bí ẹ bá rí i tó ń rú bí èéfín lẹ́nu tàbí nímú wọn, òògùn tó ṣòfò nìyẹn. Kí wọ́n sé èémí, kí ẹ bá wọn ka oókan dé ẹẹ́wàá. Kí ó tó ìdajì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mì ín fún ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọwọ́ àgbàlagbà àti èémí rẹ̀ kì í sábà bára mu. Kí ẹ má bá wọn jà sí i, ẹ wá spacer, ike gbọọrọ tí à ń ki ìnhélà bọ̀ nídìí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá máa mí sínú mí síta nínú rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n, ike omi onídajì lítà ṣeé lò: ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ tí á bá ẹnu ìnhélà mu rẹ́gí, kí afẹ́fẹ́ má ráyè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn dókítà South Africa ti dán an wò fún àwọn ọmọdé, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀.

Bí màmá bá ń nílò ti búlúù yìí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Àyà tó há ni òògùn búlúù yìí ń tú. Kì í wo ọ̀nà èémí tó wú nínú sàn. Ìnhélà mìíràn wà tí wọ́n á máa fà lójoojúmọ́ fún ìyẹn, kí wọ́n sì máa fi omi yọ ẹnu tu dànù lẹ́yìn rẹ̀, kí egbò funfun má bàa yọ sí wọn lẹ́nu.

Àmọ́ bí màmá ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí gúlegúle, tàbí tí ètè wọn ń dúdú, ẹ má dúró kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ kíá, kí wọ́n máa fa ìnhélà búlúù náà lọ lójú ọ̀nà.