Kí ẹ tó dá áyọ́ọ̀nù lẹ́bi, ẹ wo wáyà ná

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo time-of-flight, ẹ̀rọ tó ń fi àkókò tí áyọ́ọ̀nù (átọ̀mù tàbí mólékù tó ní iná mànàmáná lára) fi ń la ọ̀pá kọjá mọ ìwúwo rẹ̀, tí ṣóńṣó náítírójìn yín lórí àwòrán sígínà yọ orí méjì, tí ẹ ń bèèrè bóyá ìgbà méjì ni áyọ́ọ̀nù ń dá sílẹ̀ àti bóyá kí ẹ fi kún gígùn ọ̀pá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Ojú mi rí i. Lẹ́yìn gbogbo ṣóńṣó wa ni ọmọ kékeré kan ń tẹ̀ lé e, ní nǹkan bí 20 nanosecond (ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ni nanosecond). Ẹnjiníà tí àwọn tó ta ẹ̀rọ rán wá kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi ní detector, ohun tó ń gba áyọ́ọ̀nù ní ìparí ọ̀pá, ti kú. A ra tuntun. Ọmọ náà kò lọ. Ẹnjiníà padà wá, ó ní afẹ́fẹ́ ló ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ. À ń fa afẹ́fẹ́, à ń fi iná yan ọ̀pá, à tún ń fà, owó ń lọ, ọmọ náà jókòó bí àlejò tó ti sọ ara rẹ̀ di onílé. Ọ̀gá tó gba owó iṣẹ́ kò béèrè ohun kan ṣoṣo tó yẹ: ṣé àlàfo yẹn ń fẹ̀ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń wúwo sí i? Áyọ́ọ̀nù tó wúwo ní ìlọ́po mẹ́rin máa ń pẹ́ lọ́nà ní ìlọ́po méjì. Tiwa kò fẹ̀ rárá: omi, náítírójìn, argon, àlàfo kan náà ni. Wáyà mítà 2 ni wọ́n so mọ́ oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sígínà, ní ìdènà 1 megaohm dípò 50 ohm tó bá wáyà mu, sígínà ń dé ibẹ̀, ó ń ta padà. Nanosecond 5 ló ń lò lórí mítà kan. Ẹ ṣírò àlọ àti àbọ̀. Ẹ fi wáyà tó gùn jù ú lọ dán an wò. Bí àlàfo bá fẹ̀, wáyà ni.

Bí kò bá fẹ̀, ẹ sọ fólítì tó ń ta áyọ́ọ̀nù jáde di ìlọ́po méjì. Áyọ́ọ̀nù tó kọ ẹ̀yìn sí detector nígbà tó dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró kó tó yíjú padà. Fún náítírójìn nínú ooru yàrá, ní fólítì 100 lórí sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹn tó nǹkan bí nanosecond 17. Ìlọ́po méjì á gé e sí ìdajì.

Ẹ má sì sáré tan fólítì sórí microchannel plate, irú detector kan, o! Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lọ sílẹ̀ ju 10⁻⁶ torr (òṣùwọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́) lọ ná, kí ẹ wá máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń tà á kì í tẹnu mọ́ ọn, òun náà ni yóò kúkú ta òmíràn fún yín.

Ọ̀pá gígùn? Kò lè mú yíyíjú padà yẹn kúrò, àfi kó túbọ̀ ya ṣóńṣó sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fà á gùn, ẹ tún fólítì ìpele méjèèjì tó ń ta áyọ́ọ̀nù jáde ṣe bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Wiley àti McLaren, ṣe là á sílẹ̀ ní 1955, kí áyọ́ọ̀nù tó gbéra níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè dé pọ̀. Calibration, ìyẹn fífi àkókò mọ ìwúwo, kò le, ṣóńṣó méjì tí ẹ mọ̀ ti tó.