Stoyanka kì í ṣe òkúta o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ìtumọ̀ Stoyanka, orúkọ obìnrin àwọn ará Bùlgáríà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbàgbé ẹni tó ní "òkúta" ni yẹn. Ó rí "sto", ó ti sáré lọ mú "stone" òyìnbó wá! Ẹlòmíì ní ìwà ló ń sọ, pé adúróṣinṣin èèyàn ni. Ìyẹn sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ kò débẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ yẹn. "Stoya" lédè wọn ni "mo dúró", Stoyan ni ti ọkùnrin, wọ́n á fi -ka sí i nídìí fún obìnrin. Tí ọmọ bá ń kú mọ́ ìyá kan lọ́wọ́ láyé ìjọ́sí, tó wá bí òmíì, wọ́n á sọ ọ́ ní Stoyan àbí Stoyanka kó lè dúró. Ṣé ọmọ Yorùbá tó mọ Dúrójayé àti Málọmọ́ ni mo tún ń ṣàlàyé ìyẹn fún ni?

Stoyanka lorúkọ ìyá onílé mi nígbà tí mò ń kàwé ní Sofia, olú-ìlú Bùlgáríà. Ẹ̀gbọ́n méjì ló ti kú kí wọ́n tó bí wọn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bi wọ́n nípa orúkọ yẹn, wọ́n kàn na ọwọ́ sórí tábìlì, wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà téèyàn di aṣọ ọmọ tó fẹ́ sá lọ mú, wọ́n ní "Stoy!" Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni sójà wọn fi ń dá èèyàn dúró o.

Zhivka, "ó wà láàyè", àti Zdravka, ìlera, mọ̀lẹ́bí orúkọ Stoyanka ni wọ́n. Naydenka ní tiẹ̀ ni "ẹni tá a rí he": wọ́n á gbé ọmọ sójú ọ̀nà, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá á gbé e, á di òbí ìsàmì ẹ̀, wọ́n fi tan ikú jẹ ni. Ẹ sì wo Stoyanka Mutafova, òṣèré tíátà wọn tí wọ́n bí ní 1922, ó mà dúró o, 2019 ló tó kú, ẹni ọdún 97.

Ní báyìí Viktoria àti Nikol ni gbogbo wọn ń sọmọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ ìyá àgbà dá ọmọ lọ́lá, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń mú. Ọmọ-ọmọ ìyá onílé mi ń jẹ́ Stefani, wọ́n ní "S" màmá làwọn mú yẹn. Mo fẹ́ bínú, mo wá rántí pé Timmy ni wọ́n ń pe Rótìmí nílé wa.