Ọmọ mi ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà lókè òkun, ẹ gbà mí o. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ni mo rí àpá lára ọwọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Dádì ẹ̀ ní àṣejù ni, pé ó fẹ́ ká máa gẹ òun. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó fẹ́ kú ni.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé mi rí, ọmọkùnrin ni tèmi. Mo pariwo, mo gba fóònù ọwọ́ ẹ̀, mo ní kó búra pé kò ní ṣe é mọ́. Ó búra. Ìyẹn ò ní kó má máa ṣe é o, ó kàn ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru ni.

Ẹ bá mi sọ fún Dádì wọn pé ẹni tó ń ṣe àṣejù kì í bo ọgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìbànújẹ́ tàbí ìtìjú ló máa ń kún inú àwọn ọmọ tó ń ṣe ara wọn léṣe, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ìrora ara á mú kí ti ọkàn fúyẹ́ díẹ̀, ìtìjú á tún dé, á tún fà á padà síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ kú, àmọ́ ewu ẹ̀ ga fún wọn ju fún ọmọ mìíràn lọ. Ẹ bi í léèrè tààrà: "Ṣé ó ti wá sí ẹ lọ́kàn pé kó o pa ara ẹ?" Ẹnu mi gbẹ kí n tó lè sọ ọ́, torí a gbà pé ohun tá ò bá dárúkọ ò ní wọlé. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò ikú sọ́mọ lọ́kàn. Nínú mọ́tò la ti sọ ọ́, kó má bàa wò mí lójú. Ó sunkún títí a fi délé.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn àtohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fẹ́ni tó ń ronú àtipa ara ẹ̀: 988 ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, 116 123 ní ìlú ọba. Bí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu, nọ́ńbà pàjáwìrì ni.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ béèrè ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní DBT (Dialectical Behavior Therapy), ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn bó ṣe lè fara da ìbànújẹ́ láìṣe ara ẹ̀ léṣe. Marsha Linehan tó gbé e kalẹ̀ sọ ní gbangba lọ́dún 2011 pé òun náà ń ṣe ara òun léṣe nígbà èwe. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fọ́mọ mi, ó ní kí n tún un sọ.

Ẹ wo àwọn àbúrò ẹ̀ náà o. Àbúrò ọmọ tèmi ti mọ̀ ṣáájú wa. Alaalẹ́ ló ń tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n ẹ̀, a rò pé eré ọmọdé ni. Ọmọ ọdún 9 ni, ó ń ṣọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀.