Ṣé ẹni tó kú lónìí ti wà nínú adágún iná?

Rárá o, bí a bá tẹ̀lé Ìfihàn 20:13-15. Ipò òkú, ìyẹn ibi tí àwọn òkú wà, á kọ́kọ́ jọ̀wọ́ àwọn òkú fún ìdájọ́, kí wọ́n tó ju òun àti ikú sínú adágún iná. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 16 ti ń joró kí ìdájọ́ tó dé: ó ní kí Lásárù, alágbe tó ti máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, fi ìka bọ omi, kó fi tu òun láhọ́n, àwọn arákùnrin ọlọ́rọ̀ náà márùn-ún sì ṣì wà láyé. Àwọn kan ní òwe lásán ni ìtàn náà. Ìjọ Adventist ní òkú ń sùn ni. Àgùdà ní ibi ìwẹ̀nùmọ́ wà, níbi tí a ti ń wẹ ọkàn àwọn òkú kan mọ́ kí wọ́n tó wọ ọ̀run. Ẹni tó bá sì sọ níbi ìsìnkú l'Áké pé olóògbé ti dé Párádísè, Lúùkù 23:43 ló rọ̀ mọ́, níbi tí Jésù ti sọ fún ọ̀daràn tí wọ́n kàn mọ́gi pẹ̀lú rẹ̀ pé yóò wà pẹ̀lú òun ní Párádísè lónìí.