Wi-Fi ti mú, ojú ìwé kò ṣí: níbo ló ti já?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́ọ̀mù ní Òkèṣà, Adó-Èkìtì. Kọ̀ǹpútà á sọ pé Wi-Fi ti mú, data sì wà, síbẹ̀ ojú ìwé kò ní ṣí. Mo á pa ráútà, mo á tún un tàn. Nígbà mìíràn ó ń gbọ́, nígbà mìíràn kì í gbọ́. Àwọn oníbàárà ti ń bínú lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Fi ráútà sílẹ̀ ná. Bí o bá ti pa á, o ti nu ojú ẹsẹ̀ tí à bá fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Pé Wi-Fi mú kò ju pé kọ̀ǹpútà rí ráútà lọ. Bóyá ráútà fúnra rẹ̀ rí ìta, ìyẹn íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tòsí la ó ti bẹ̀rẹ̀, ká tó lọ sí òkèèrè.

Tẹ Windows àti R pọ̀, kọ cmd, tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú tó bá yọ, kọ ipconfig. Bí IPv4 Address, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́kì, bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà, òun ló fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Kọ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew.

Bí àdírẹ́sì bá dára, wo nọ́ńbà tó wà níwájú Default Gateway: ráútà rẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 192.168.1.1, kọ ping 192.168.1.1; ping la fi ń pe ẹ̀rọ mìíràn láti mọ̀ bóyá á dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Windows á kàn sí i. Bí Request timed out bá ń yọ láàárín ìdáhùn, Wi-Fi inú ṣọ́ọ̀bù ni kò lágbára. Ní tèmi, kọ̀ǹpútà tí a fi ń kún fọ́ọ̀mù, wáyà ló tọ́ sí i.

Ó wá kan ping 8.8.8.8, àdírẹ́sì Google kan tó wà níta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ráútà bá dáhùn tí èyí kò dáhùn, dán 1.1.1.1, ti Cloudflare, wò. Bí ìyẹn náà bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí data ti tán, tàbí kí ìyọnu wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún ọ.

Èyí tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé kí 8.8.8.8 dáhùn, kí ping google.com sì sọ pé could not find host. Ọ̀nà là, DNS tó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ni kò ṣiṣẹ́. Kọ ipconfig /flushdns. Bí kò bá gbọ́, lọ sí ètò nẹ́tíwọ́kì, fi 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 sí ipò DNS.

Wo déètì kọ̀ǹpútà náà. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ti kú, tí iná bá lọ, déètì lè padà sẹ́yìn. Ping á máa dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ojú ìwé tó ní https kò ní gbà. Tún déètì ṣe, kí o ra bátìrì náà, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́.

Bí gbogbo ojú ìwé bá ń ṣí àfi ti fọ́ọ̀mù nìkan, tiwọn ló bàjẹ́. Má fi ping dá wọn lẹ́jọ́, nítorí sáfà púpọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú ìwé jáde, ni kì í dá ping lóhùn. Sọ òtítọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, má sì jẹ́ kó sanwó lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ojú ìwé ń yí.

Bí o bá máa pe ilé iṣẹ́ data, sọ fún wọn pé ráútà dáhùn, 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 kò dáhùn, kí o sì sọ aago tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà tún dá ọ padà sídìí ráútà.