Fọ́ọ̀mù tí kò ní orúkọ, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ẹni tí ó kọ ọ́

Ẹ̀gbọ́n tí ó béèrè ohun tí òun gbọ́dọ̀ yẹra fún bí òun ṣe fẹ́ pín fọ́ọ̀mù láti fi mọ èrò àwọn òṣìṣẹ́ òun, àṣìṣe ọwọ́ ara mi ni ó kọ́ mi ní èyí tí mo fẹ́ sọ.

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Ìbàdàn, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè fọ́ọ̀mù pé kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo ti béèrè ẹ̀ka tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti iye ọdún tí ó ti lò. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó wà ní sítọ́ọ̀, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá. Ó kọ ọ́ pé ọ̀gá àwọn máa ń ní kí àwọn fọwọ́ sí ọjà tí kò tíì dé. Èmi náà kó gbogbo fọ́ọ̀mù fún àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe wà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀gá yẹn ti mú ìwé wá bá a níṣojú mi: “Màmá, ṣé èmi ni ẹ ń bá wí níbí?” Màmá kò fèsì, ó kàn ń ṣí ìdérí bírò ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń dé e. Ní ọdún kejì, “ó dára gan-an” ni gbogbo wọn mú, títí kan ìbéèrè nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi kò ti yọ fún oṣù mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ má béèrè ohun tí ẹ kò ní lò. Ẹ̀ka tí kò bá tó ènìyàn márùn-ún, ẹ pa á pọ̀ mọ́ òmíràn kí àbájáde tó dé ọwọ́ ọ̀gá. Bí ó bá jẹ́ Google Forms ni, ẹ rí i dájú pé kò gba àdírẹ́sì ímeèlì wọn sílẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà pàápàá ka ẹni tí a lè dá mọ̀ láti inú ìdáhùn rẹ̀ sí ẹni tí ó yẹ kí a dáàbò bò, bí kò tilẹ̀ kọ orúkọ. Ẹ má sì so ìbéèrè méjì pọ̀, irú bíi “Ǹjẹ́ owó oṣù àti ìwà ọ̀gá yín tẹ́ yín lọ́rùn?”, nítorí ẹni tí owó tẹ́ lọ́rùn tí ọ̀gá sì ń bú kò ní mọ èyí tí yóò mú.

Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a kọ́kọ́ tún ṣe, a sì lẹ ohun tí wọ́n sọ àti ohun tí a ṣe sí i mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún kẹta, àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Màmá sítọ́ọ̀ kò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi mọ́ títí tí ó fi fẹ̀yìn tì.