Ọ́ìlì tó yẹ ọkọ̀ tó ní tọ́bò, àti ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ẹnjiníà. Láìpẹ́ yìí ni mo ra Honda CR-V ọdún 2018, tọ́kùnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.5 tó ní tọ́bò. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni ibi iṣẹ́ mi, gọ́sílò Máìlì 12 àti Kẹ́tu sì ni mò ń bá yí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mẹkáníìkì mi ní 20W-50 ni òun máa rọ sí i, pé ooru ilẹ̀ wa kò gba ọ́ìlì tó ń ṣàn bí omi. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ní 0W-20 ni kí n máa lò, kí n má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí iná rẹ̀ á fi tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ èèyàn lókè òkun ń lo ọ́ìlì kan dé kìlómítà 10,000. Ṣé èmi náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire ọkọ̀ o. Ẹ ó lò ó gbó, ẹ ó sì fi ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ 20W-50 sínú ẹ́ńjìnnì yẹn rárá. Òótọ́ ni ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín sọ lórí 0W-20, ohun tí ìwé Honda ti Amẹ́ríkà kọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti pé kí ẹ dúró de iná dáṣíbọ́ọ̀dù, n ò fara mọ́ ọn. Ẹ ra full synthetic (ọ́ìlì tí wọ́n fi ọgbọ́n kẹ́míkà ṣe), 0W-20 tàbí 5W-30, tí wọ́n kọ API SP (àmì ìpele ọ́ìlì) sí lára, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ìdí rẹ̀ gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Tọ́bò ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín gbígbóná tó ń lọ sí sàlẹ́ńsà ló ń yí i. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà níhà èéfín, òmíràn wà níhà afẹ́fẹ́, ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Bí èéfín bá ṣe ń yí ti ìhín ni ti ọ̀hún á máa fa afẹ́fẹ́, tí á máa tì í wọnú ẹ́ńjìnnì. Òun ló jẹ́ kí 1.5 lè ṣe iṣẹ́ tí Honda ń lo 2.4 fún nínú CR-V tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá tẹ iná dáadáa, ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 6,000. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà léfòó sí bó ṣe ń yí, irin kò gbọ́dọ̀ kan irin. Ọ́ìlì yẹn kan náà ló tún ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀, èéfín tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì lè gbóná tó 900°C.

Ní ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, ọ́ìlì tí kò dáa lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ tán. Tọ́bò kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé ẹ sáré bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ yà wọlé, ẹ pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ́ìlì kò ṣàn mọ́, ṣùgbọ́n irin ṣì gbóná janjan. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù nínú tọ́bò á wá jóná mọ́ irin bí ọbẹ̀ ṣe ń jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò á bẹ̀rẹ̀ sí í dí, ọ̀pá náà á máa yí lórí ọ́ìlì tí kò tó. Honda jẹ́ kí omi rédíétọ̀ máa gba ara tọ́bò yìí kọjá, ìyẹn sì ń dín ewu náà kù púpọ̀. Síbẹ̀, omi kò lè sọ ọ́ìlì burúkú di rere. Full synthetic fara da ooru ju ọ́ìlì lásán lọ, owó tí ẹ bá fi kún un kò tó nǹkan kan lára owó tọ́bò. Kí ẹ máa rọra wa ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn kí ẹ tó délé ti tó fún ìtura rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ má tẹ iná mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Ó kan ti nọ́ńbà. Èyí tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, irú òtútù tí omi fi ń di yìnyín. Irú rẹ̀ kò sí ní Ìkòròdú, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín 0W àti 5W kò tó nǹkan fún yín. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ni kí ẹ wò: òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì yín ti ṣì í. Tẹmọ́sítáàtì ọkọ̀ ló ń ṣètò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná tán, ooru inú rẹ̀ ní Ìkẹjà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Chicago. Ní ooru yẹn, ọ́ìlì 50 ki tó nǹkan bí ìlọ́po méjì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ìlì tó ń ṣàn ni wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà inú ẹ́ńjìnnì yìí fún, òun náà ni pọ́ǹpù rẹ̀ mọ̀. Láàárọ̀ tí ẹ bá ṣí ọkọ̀, 20W-50 á pẹ́ kó tó gòkè, tọ́bò á sì ti máa yí. Mo mọ̀ pé 20W-50 ṣiṣẹ́ fún Peugeot 504 àti àwọn Toyota àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti kọ́ ọ. Ọkọ̀ yín kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn.

Bí ẹ bá bi mí ní èyí tí èmi fẹ́ràn nínú 0W-20 àti 5W-30 fún ọkọ̀ yìí nílẹ̀ wa, 5W-30 ni. Ẹ́ńjìnnì yìí ní ìtàn kan tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Inú sílíńdà gan-an ló ń fọ́n bẹntiróòlù sí, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítọ́ọ̀nù ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ní ọdún 2018, ariwo ńlá sọ lórí CR-V àti Civic tó ń lo ẹ́ńjìnnì yìí, ní Ṣáínà àti ní àwọn ibi tó tutù ní Amẹ́ríkà: ọ́ìlì ń ga sí i lójú géèjì (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì), ó sì ń rùn bíi bẹntiróòlù. Honda tún ètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà ṣe, wọ́n sì fi kún àkókò wáráńtì. Òtútù tiwa kò tó nǹkan, ìrìn àjò yín sì gùn tó kí ẹ́ńjìnnì gbóná kó sì lé bẹntiróòlù náà jáde, nítorí náà ẹ kò sí nínú ewu tó ẹni tó kàn ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìtòsí tó sì ń pa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù tó bá wọnú ọ́ìlì á mú kó ṣàn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí 30 bá ṣàn díẹ̀ sí i, ó ṣì ní ibi tó máa bà sí. 20 kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wo API SP tí mo dárúkọ. Nínú ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní tọ́bò, bí ẹ bá tẹ iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré, ẹ̀kán ọ́ìlì tó pò mọ́ bẹntiróòlù lè gbiná kí plọ́ọ̀gì tó ṣáná rárá. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí nǹkan gbá irin, ó sì lè fọ́ písítọ́ọ̀nù. Wọ́n rí i pé èròjà kálísíọ́mù tó pọ̀ nínú àwọn ọ́ìlì kan ń dá kún un, wọ́n sì yí àpòpọ̀ wọn padà. API SN Plus tó jáde ní 2018 ló kọ́kọ́ bójú tó o, SP tẹ̀ lé e ní 2020, SQ sì dé ní 2025. SP tàbí SQ ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá rí SL tàbí SM lára gálọ́ọ̀nù, ọ́ìlì tí wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ni.

Ó wá ku ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìdáhùn yìí. Ẹni tó ń lo ọ́ìlì dé kìlómítà 10,000 lókè òkun, ojú ọ̀nà tó ṣí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rìn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, wákàtí bí 62 ló máa fi rin kìlómítà 5,000. Nínú gọ́sílò Kẹ́tu, níbi tó jẹ́ pé 15 ni ẹ lè máa rìn ní wákàtí kan, kìlómítà 5,000 yẹn kan náà á gba ẹ́ńjìnnì yín ní wákàtí 333. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, amúlétutù ń fà á, ọ́ìlì ń gbó, nọ́ńbà kìlómítà kò sì yí. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń fi irú lílò yìí ṣírò díẹ̀, mi ò ní kí ẹ kóyán rẹ̀ kéré. Àmọ́ ìṣirò lásán ni, kò sí ohun tó ń tọ́ ọ́ìlì náà wò nínú ẹ́ńjìnnì. Kò lè mọ̀ bóyá ayédèrú ọ́ìlì ni wọ́n rọ, kò sì mọ irú bẹntiróòlù tí ẹ rà. Láti 2017 ni Amẹ́ríkà ti ní kí imí-ọjọ́ inú bẹntiróòlù má ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan ní ìpíndọ́gba. Tiwa lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí imí-ọjọ́ bá jóná, ó ń di ásíìdì, ọ́ìlì ló sì ń bá a jà títí agbára rẹ̀ fi máa tán. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé gọ́sílò yín le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kìlómítà 4,000 kò burú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ́ìlì, ẹ dúró tì wọ́n. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà kò tó lítà 4, gálọ́ọ̀nù lítà 4 sì ni wọ́n sábà ń tà, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á sì da gbogbo rẹ̀ sí i. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, irin inú ẹ́ńjìnnì á máa lù ú, á hó, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, ọ̀pá tọ́bò kò sì lè léfòó lórí ìfófòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ lítà 3, kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí wọ́n pa á, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, kí ẹ wá fi géèjì wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fi kún un díẹ̀díẹ̀. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà.

Ẹ ra ọ́ìlì ní ilé epo ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ́ìlì náà fúnra rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ aṣojú rẹ̀ gan-an. Ẹ yẹ ìdérí wò bóyá òrùka rẹ̀ ti já rí, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara gálọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ la gálọ́ọ̀nù náà kí ẹ tó jù ú nù. Àwọn kan wà tó ń ra gálọ́ọ̀nù òfìfo tó mọ́, tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́ sínú rẹ̀. Fílítà náà, ẹ má ra olówó pọ́ọ́kú.

Níwọ̀n bí ọkọ̀ yín ti jẹ́ tọ́kùnbọ̀ tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe lò ó, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tún pààrọ̀ wọn lẹ́yìn kìlómítà 1,500, kí ẹ tó bọ́ sórí 5,000. Ọ́ìlì tuntun á rọra máa fọ ẹ́ńjìnnì náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ìdọ̀tí tí kẹrosíìnì bá já lẹ́ẹ̀kan náà lè lọ dí asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù, tọ́bò ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ẹ máa wo géèjì ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì òkè lọ tó sì ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láìka kìlómítà sí. Bó bá ń dín kù tí èéfín àwọ̀ búlúù ń jáde ní sàlẹ́ńsà, tàbí tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í hu bíi fèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa tọ́bò láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Iná pupa alágolo ọ́ìlì ní dáṣíbọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn: bó bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pe ẹni tó máa fa ọkọ̀ náà, ì báà ṣe pé iwájú ilé yín ló kù.